Ẹ Lọ Wò Ó, Kí Ẹ Sì Sùn Síbẹ̀

Ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ àwọn ọmọ iléèwé ti wọlé dé. Mo sì mọ̀ pé ìbéèrè tó wà nílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé báyìí ni pé, níbo ni a máa kó àwọn ọmọ yìí lọ? Àwọn tí ọwọ́ wọ́n tó o ń dárúkọ Dubai àti Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn mìíràn ní etí òkun Èkó ti tó àwọn. Àwọn tó pọ̀ jù nínú wa yóò ní kò sówó, wọn yóò sì jókòó ti tẹlifíṣọ̀n títí iléèwé yóò fi wọlé padà.

Ohun méjì péré ni mo fẹ́ bẹ̀ yín lónìí. Èkíní, ẹ kó àwọn ọmọ yín, ẹ gba ọ̀nà Iléṣà, kí ẹ lọ wo àwọn ìlú kéékèèké tó wà láàárín òkè, láti Ìjẹ̀ṣà dé Èkìtì, títí dé Ìdànrè. Èkejì, tí ẹ bá débẹ̀, ẹ sùn síbẹ̀.

Èkejì yìí gan-an ló jẹ mí lógún jù. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti dé ìdí omi tó ń já láti orí òkè ní Erin-Ìjẹ̀ṣà rí. A wọ bọ́ọ̀sì ìjọ tàbí ti iléèwé láàárọ̀, a ya fọ́tò létí omi, a jẹ ìrẹsì tí a dì láti ilé, a sì ti kó ẹrù wa sínú ọkọ̀ kí oòrùn tó rọlẹ̀. A kò mọ orúkọ ẹnì kan ní ìlú náà. A kò ra nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Owó ẹnu ọ̀nà àti ọ̀rá omi tí a jù sílẹ̀ ni ìlú náà rí gbà lọ́wọ́ wa. Mo fẹ́ kí a yí ìwà yìí padà.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀nà pọ̀n. Bí ẹ bá kúrò ní Iléṣà, tí ẹ kọjú sí Àkúrẹ́, ẹ ó bá oríta Ìwàrája. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa ya sí ọ̀nà tó lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti Adó-Èkìtì. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí i pé ilẹ̀ ń ga sí i, ọ̀nà ń kọ́ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀, atẹ́gùn sì ń tutù. Òkè gbọọrọ kan ló dábùú síbẹ̀ láàárín Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ a máa fi orúkọ Ẹ̀fọ̀n pe òkúta líle tó wà nínú rẹ̀. Òkúta náà le, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó ti sán. Òjò tó bá rọ̀ sórí rẹ̀ yóò wọ inú ojú sísán wọ̀nyí lọ, yóò sì tún yọ jáde níbòmíràn. Òkè kan ṣoṣo yìí ló fún wa ní omi Erin-Ìjẹ̀ṣà, òun ló fún wa ní omi Arinta ní Ìpólé-Ìlórò, òun náà ló sì fún wa ní omi gbígbóná Ìkógòsì. Láàárín àwọn òkè àgbègbè yìí kan náà ni wọ́n ti ja ogun Kírìjí, láti ọdún 1877, tí àwọn Èkìtìparapọ̀ dojú kọ Ìbàdàn. Ìmẹ̀sí-Ilé, Igbájọ àti Òkèmẹ̀sí tí a máa ń kà nínú ìwé ìtàn kò jìnnà síbẹ̀ rárá. Ọmọ tó bá ti rí bí òkè wọ̀nyẹn ṣe ga tó yóò yé e ìdí tí ogun náà fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí ó tó parí.

Erin-Ìjẹ̀ṣà ni ibùdó wa àkọ́kọ́. Olúmirin ni orúkọ omi tó ń já láti orí òkè níbẹ̀. Ìtàn ìlú sọ pé Akinlà, ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ìran Odùduwà, ló rí omi náà nígbà tí wọ́n ń ṣí kúrò ní Ilé-Ifẹ̀ láti wá ibi tí wọn yóò tẹ̀dó sí. Ìpele méje ni omi náà ní. Èkíní kò le dé. Bàbá àgbà tó ń tẹ ọ̀pá lè débẹ̀, ọmọdé náà lè débẹ̀. Kí ẹ tó rí omi rárá ni ẹ ó ti máa gbọ́ ohùn rẹ̀ láàárín igi. Bí ẹ bá wá yọ sí i, ìrì rẹ̀ yóò ti máa ta sí yín lójú kí ẹ tó dé ìdí rẹ̀. Ó ń bọ̀ láti òkè wá lulẹ̀ lórí àpáta, ó ń hó, ó sì ń ṣàn lọ láàárín àwọn òkúta ńláńlá tí àwọn ọmọ máa ń jókòó lé.

Láti ìpele kejì lọ sókè, ọ̀rọ̀ yí padà. Gbòǹgbò igi ni ẹ ó máa dì mú, òkúta ni ẹ ó máa pọ́n. Àwọn tó bá gùn ún dé òkè téńté máa ń sọ pé abúlé Abákẹ́, nílẹ̀ Ẹ̀fọ̀n, ni àwọn bá ara àwọn. Kì í ṣe dandan kí gbogbo ẹbí gùn ún. Kí ẹni tí eegun rẹ̀ le gùn ún, kí ẹni tí orúnkún ń dùn jókòó sísàlẹ̀, kí ó gbá atẹ́gùn. Ẹ ṣáà gba amọ̀nà. Wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kì í fi í ríran. Ọmọ ìlú ló mọ òkúta tó ń yọ̀ àti èyí tó dúró ṣinṣin.

Bí ẹ bá kúrò níbẹ̀, ẹ ó gba Ẹ̀fọ̀n-Aláayè kọjá. Ẹ má sáré gba ibẹ̀ kọjá. Ìlú àwọn agbẹ́gilére ni. Agbọ́nbíọ̀fẹ́, tó kú ní ọdún 1945, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí a mọ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ náà, òun ló sì gbẹ́ òpó fún ààfin Aláayè, ọba ìlú náà. Ẹ̀fọ̀n náà ni wọ́n sin Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá sí ní ọdún 1959, títí dòní olónìí ni àwọn èèyàn sì ń lọ gbàdúrà níbẹ̀.

Ìkógòsì-Èkìtì ni ibi tí mo ní kí ẹ sùn sí ní alẹ́ àkọ́kọ́. Omi méjì ló ń sun níbẹ̀. Ọ̀kan gbóná, èkejì tutù. Wọ́n jọ ń ṣàn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n sì pàdé lójú kan. Níbi tí wọ́n ti pàdé yẹn ni ẹ ó ti rí igi ọ̀pẹ àti igi mìíràn tó dàgbà mọ́ ọn lára láti ìdí. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín bọ́ bàtà. Kí wọ́n ti ẹsẹ̀ kan bọ inú omi gbígbóná, kí wọ́n ti èkejì bọ inú omi tútù. Inú yín yóò dùn láti rí ojú wọn ní ìṣẹ́jú yẹn.

Àwọn ará ìlú ní ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa omi méjèèjì. Wọ́n ní ọdẹ kan ló ní ìyàwó méjì, inú ọ̀kan máa ń gbóná, èkejì sì jẹ́ oníwà tútù. Ìjà dé láàárín wọn, àwọn méjèèjì di omi, ọkọ wọn sì di òkè tó dúró tì wọ́n. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní àlàyé tiwọn. Wọ́n ní omi òjò ló ń gba ojú sísán òkúta wọlẹ̀ lọ jìnnà. Bí a bá ṣe ń wọlẹ̀ lọ sí ni ilẹ̀ ń gbóná sí, nítorí náà omi yìí a gba ooru mọ́ra nísàlẹ̀, a sì tún gba ojú mìíràn yọ sókè kí ó tó tutù tán. Ẹ sọ méjèèjì fún àwọn ọmọ yín. Kí ìtàn wà lọ́kàn wọn, kí ìmọ̀ náà sì wà níbẹ̀. Omi náà kì í gbẹ, òjò ìbáà rọ̀, ọ̀gbẹlẹ̀ ìbáà dé. Omi inú ike tí wọ́n ń pè ní Gossy, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti mu rí, Ìkógòsì ni wọ́n ti ń bù ú.

Tí ẹ bá sùn síbẹ̀, ẹ ó rí ohun tí ẹni tó wá lọ́sàn-án tó sì padà lọ́sàn-án kò ní rí láé. Láàárọ̀ kùtùkùtù, kí bọ́ọ̀sì àwọn àlejò mìíràn tó dé, kùrukùru yóò bo òkè, ooru yóò máa rú lójú omi, ẹyẹ nìkan ni yóò sì máa ké. Bí ẹ bá wọ inú omi náà nígbà yẹn, gbogbo eegun tí mọ́tò ti gbọ̀n jìgìjìgì yóò dẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ wọ inú ìlú lọ. Ẹ ó gbọ́ ìró odó. Ilẹ̀ Èkìtì lẹ wà, ẹ má lọ béèrè fún núdùsì. Ẹ ní kí wọ́n gbé iyán fún yín, kí wọ́n bu ọbẹ̀ ẹ̀gúsí lé e, kí ẹ jókòó jẹ ẹ́ ní gbígbóná. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ bí àwọn Èkìtì ṣe ń kí ara wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí sí Èkó kò mọ̀ pé ohùn Yorùbá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Tí ilẹ̀ bá mọ́, Arinta kò jìnnà, ní Ìpólé-Ìlórò. Òun náà jẹ́ omi tó ń já láti orí òkè, ṣùgbọ́n èrò kì í pọ̀ níbẹ̀ bíi ti Erin-Ìjẹ̀ṣà. Ẹni tó bá fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ibẹ̀ ni kí ó lọ.

Ẹ̀yìn náà ni kí ẹ wá kọjú sí Àkúrẹ́, kí ẹ sì ti ibẹ̀ bọ́ sí Ìdànrè. Mo ti sọ pé òkè wà lọ́nà Ẹ̀fọ̀n, ṣùgbọ́n òkè Ìdànrè tún yàtọ̀. Èyí kì í ṣe òkè gbọọrọ tí igbó bò. Àpáta ńláńlá ni, tó dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, orí rẹ̀ rí roboto, ara rẹ̀ sì dúdú níbi tí omi òjò ti ń ṣàn. Wọ́n yí ìlú náà ká tó fi jẹ́ pé ibikíbi tí ẹ bá dúró sí, àpáta ni yóò dí yín lójú.

Orí òkè yìí ni àwọn ará Ìdànrè gbé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní nǹkan bí ọdún 1923 ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá sí ibi tí wọ́n wà báyìí. Ìlú àtijọ́ wọn ṣì wà lókè. Àtẹ̀gùn 660 ni ẹ ó gùn kí ẹ tó débẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn bà yín lẹ́rù, nítorí wọ́n ṣe ibi ìsinmi sí i lójú ọ̀nà. Ẹ gùn díẹ̀, ẹ jókòó, ẹ mu omi, ẹ bojú wẹ̀yìn. Bí ẹ ṣe ń ga sí i ni òrùlé ìlú ìsàlẹ̀ yóò máa kéré sí i, tí oko kòkó yóò sì máa hàn láàárín àwọn àpáta.

Nígbà tí ẹ bá dé òkè, ẹ ó rí ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ọba Ìdànrè, pẹ̀lú òpó tí wọ́n gbẹ́. Ẹ ó rí ilé ẹjọ́ àtijọ́, ẹ ó rí ibi tí wọ́n ń so agogo kọ́, ẹ ó rí ojú oórì àwọn tó ti lọ. Amọ̀nà yín yóò fi ojú ẹsẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní ti Agbóògùn hàn yín lára òkúta, yóò sì sọ ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa rẹ̀, pé kò sí ẹsẹ̀ tí kì í ṣe wẹ́kú sínú rẹ̀, àfi ẹsẹ̀ àjẹ́. Ẹ wá jókòó síbẹ̀ díẹ̀, kí ẹ bi àwọn ọmọ yín ní ìbéèrè yìí: nígbà tí kò tíì sí àtẹ̀gùn, báwo ni wọ́n ṣe ń ru iṣu gòkè? Báwo ni wọ́n ṣe ń gbé igi tí wọ́n fi kọ́ ààfin yìí débí? Báwo ni aláboyún ṣe ń lọ sóko, tó ń bọ̀? Ìlú ni èyí o, ó ní ọba, ó ní ìjòyè, ó ní òfin. Ọmọ tó bá ti jókòó sórí òkè yẹn kò ní gbà láé pé àwọn baba ńlá wa kò mọ nǹkan kan kí òyìnbó tó dé.

Wọlé Ṣóyínká fi orúkọ Ìdànrè sọ ìwé ewì tó gbé jáde ní ọdún 1967. Láti ọdún 2007 ni orílẹ̀-èdè wa sì ti kọ orúkọ òkè yìí sílẹ̀ lọ́dọ̀ UNESCO, mọ́ àwọn ibi tí a fẹ́ kí gbogbo ayé kà sí ohun àjogúnbá. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ti gba oyè yẹn ní ọdún 2005. Títí di ìgbà tí ti Ìdànrè náà yóò fi dé, àwa tí a ni ín ni kí a kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ara wa débẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nípa àsìkò. Ìsinmi tí a wà yìí bọ́ sí ìgbà òjò. Omi Olúmirin àti Arinta máa ń kún báyìí, wọ́n sì máa ń dùn ún wò, ṣùgbọ́n òkúta wọn máa ń yọ̀. Ẹ wọ bàtà kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò tíì jẹ. Ẹ má wọ sílípáàsì. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, ẹ kúrò nínú omi kíá, nítorí òjò lè ti máa rọ̀ lórí òkè kí ẹ̀yin tó wà nísàlẹ̀ tó mọ̀, omi á sì dé lójijì. Àárọ̀ ni kí ẹ gun òkè Ìdànrè, kí òjò ọ̀sán má baà ká yín mọ́ orí àpáta. Ẹ má mutí kí ẹ tó wọ omi. Ẹ di ọwọ́ ọmọdé mú. Ẹni tó bá fẹ́ lọ ní oṣù Kejìlá tàbí oṣù Kìíní yóò rí i pé omi tó ń já ti dín kù, ọyẹ́ sì lè má jẹ́ kí ó rí ọ̀nà jíjìn láti orí òkè. Àmọ́ àpáta á gbẹ, gígùn rẹ̀ á rọrùn, omi gbígbóná Ìkógòsì a sì máa dùn mọ́ni lára jù lọ nígbà tí ọyẹ́ bá mú. Ọ̀sán ni kí ẹ máa rin gbogbo ìrìn yín. Ẹ pe òtẹ́ẹ̀lì kí ẹ tó gbéra, ẹ béèrè bí ọ̀nà ṣe rí lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀, kí ẹ sì mú owó lọ́wọ́, nítorí kì í ṣe gbogbo ìgbà ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń gbé.

Mo ní kí ẹ sùn síbẹ̀. Ẹ wo ohun tí ó ń ṣe fún ìlú. Àlejò tó sùn yóò sanwó yàrá. Yóò jẹun alẹ́, yóò jẹ ti àárọ̀. Yóò gun ọ̀kadà, yóò ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ ìyá tó jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, yóò fún amọ̀nà ní owó iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́ tó ń rí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ lára òkè kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni ba òkè náà jẹ́, kò sì ní dandan kó sá lọ sí Èkó lọ máa sùn sábẹ́ afárá. Ìlú tí àlejò ń sùn sí ni ìlú tó ń tún ara rẹ̀ ṣe. Èyí tí àlejò ń sáré wọ̀, tó ń sáré jáde, ìdọ̀tí ló ń ṣẹ́kù fún un.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ hùwà ọmọlúàbí níbẹ̀. Ọ̀rá tí ẹ bá gbé lọ, ẹ gbé e padà. Ẹ má kọ orúkọ yín sára àpáta tó ti wà kí a tó bí baba ńlá yín. Ojúbọ wà ní àwọn ibi wọ̀nyí, àwọn kan ṣì ń bọ ohun tó wà níbẹ̀. Ìgbàgbọ́ yín ìbáà yàtọ̀, ẹ béèrè kí ẹ tó ya fọ́tò, bí wọ́n bá sì ní ẹ má débì kan, ẹ má débẹ̀.

Ẹ̀yin ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Èkìtì àti Òǹdó, ìpín tiyín wà níbẹ̀ o. Ẹ tún ọ̀nà tó wọ àwọn ìlú wọ̀nyí ṣe. Ẹ ṣe ilé ìyàgbẹ́ tó mọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí omi wà nínú rẹ̀. Ẹ fi irin ìdìmú sí ibi tí àtẹ̀gùn bá ti ga jù. Kí ẹ sì jẹ́ kí lára owó ẹnu ọ̀nà tí ẹ ń gbà dé ọwọ́ ìlú tó ni ilẹ̀.

Ẹ̀yin tí ọ̀nà Iléṣà jìn sí, ẹ kò rí àwáwí. Ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn àti Ìbàdàn, Adó-Àwáyè wà lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, níbi tí adágún omi Ìyákẹ̀ wà lórí òkè gíga. Ẹ̀yin ará Èkó, Àgbádárìgì wà nítòsí yín pẹ̀lú òkun, ọ̀sà, igi àgbọn, àti ọ̀nà tí wọ́n gbà kó àwọn ẹrú lọ sínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà nílùú òyìnbó, tí ẹ máa ń wálé lọ́dún Kérésì, ẹ má fi gbogbo ọjọ́ yín ṣe òde àríyá ní Èkó. Ẹ kó àwọn ọmọ tí ẹ bí sọ́hùn-ún lọ sórí òkè Ìdànrè, kí wọ́n mọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ yín. Ẹ yan ìlú kan ṣoṣo nínú èyí tí mo dárúkọ. Ẹ mú ọjọ́, ẹ pe òtẹ́ẹ̀lì, ẹ gba yàrá. Alẹ́ kan péré lẹ máa kọ́kọ́ sùn. Ó dá mi lójú pé àwọn ọmọ yín ni yóò bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ kó di méjì. Àlọ o, àbọ̀ o.